Agbọ́n adányinrin tó ń rìn lára ògiri: kí ni, kí ló ń wá, kí ló sì fa awuyewuye lórí rẹ̀?

Àwòrán kan ń lọ láti fóònù dé fóònù ní Ìlọrin. Kòkòrò kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ó dúró lára ògiri alámọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń dán yinrin. Àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ìdí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró tó ń yí sí àlùkò níbi tí oòrùn ti ta sí i. Ọ̀rọ̀ tó ń bá àwòrán náà rìn kò dọ́gba. Àwọn kan ní eṣinṣin olóró ni, pé bó bá bà lé èèyàn, ara onítọ̀hún á bó. Àwọn kan ní ọmọ agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ mọlé ni, pé bó bá dàgbà tán ni yóò di dúdú. Àwọn mìíràn sì ní wọ́n rán an sí onílé ni, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i tètè wá Alfa lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ kòkòrò lásán, nítorí pé àwọn kan ti ń torí rẹ̀ fín òògùn sí yàrá tí ọmọdé ń sùn. Àlàyé yìí dá lórí ohun tí kòkòrò náà jẹ́, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń bímọ, àti ibi tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣì ń bá ara wọn fà á lórí rẹ̀.

Eṣinṣin ni àbí agbọ́n?

Agbọ́n ni. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní cuckoo wasp. Chrysididae ni orúkọ ìdílé rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ kòkòrò, Pierre Latreille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sì fún un lórúkọ náà ní 1802. Ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé náà káàkiri ayé tó nǹkan bí 3,000. Púpọ̀ wọn kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ni Stilbum cyanurum, tó wà káàkiri Áfíríkà, gúúsù Yúróòpù àti Éṣíà títí dé Ọsirélíà, tó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Nínú àlàyé yìí, agbọ́n adányinrin la ó máa pe gbogbo wọn.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé eṣinṣin aláwọ̀ ewé kan wà tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó máa ń bò lórí àtẹ ẹran lọ́jà, tó sì máa ń bà lé ìgbẹ́. Chrysomya wà lára wọn. Eṣinṣin yẹn ń gbé ẹ̀gbin káàkiri lóòótọ́, ó sì yẹ kí èèyàn máa lé e kúrò lórí oúnjẹ. Àmọ́ ìyẹ́ apá méjì péré ló ní. Agbọ́n adányinrin ní mẹ́rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn kéré, tí wọ́n sì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ àwọn ti iwájú. Ìwo orí eṣinṣin kúrú débi pé ojú kì í tètè rí i. Ti agbọ́n adányinrin gùn, ó tẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, kì í sì í sinmi: bó ti ń rìn ló ń fi í gbá ògiri pẹ́pẹ́pẹ́. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn dáadáa, á rí i pé ara rẹ̀ le, ó sì kún fún kòtò wẹ́wẹ́ látorí dé ìdí. Ara eṣinṣin rọ̀, irun ṣákáṣáká ló wà lára rẹ̀.

Àwọ̀ tó ń dán yẹn, kì í ṣe èròjà àwọ̀ ló mú un wá. Awọ líle tó bo kòkòrò náà ní ìpele tín-ín-rín lórí ara wọn, bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lù wọ́n, ìpele kọ̀ọ̀kan á dá díẹ̀ padà, ohun tí wọ́n jọ dá padà yẹn ni ojú wa ń rí bí àwọ̀ ewé, aró, pupa tàbí wúrà. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ náà fi ń yí bí èèyàn bá kúrò níbi tó ti ń wò ó, tí kì í sì í ṣá lẹ́yìn ikú. Àwọn tí wọ́n ti kó sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kòkòrò láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì ń dán.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé ó ń bó èèyàn lára, kòkòrò mìíràn ni wọ́n ń sọ. Paederus ló ń ṣe ìyẹn. Òun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní àwọ̀ ọsàn àti dúdú, iná lálẹ́ ló máa ń fà á wọlé, oje inú rẹ̀ ló sì máa ń sọ awọ di egbò bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ra. Agbọ́n adányinrin kì í jáde lálẹ́. Nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, tí ògiri ti gbóná, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá.

Ṣé ó lè ta èèyàn?

Agbọ́n la mọ̀ sí ohun tó ń ta, nítorí náà ìbéèrè yìí tọ́. Abẹ́rẹ́ tí agbọ́n, oyin àti èèrà fi ń ta wá láti ara ohun tí àwọn baba ńlá wọn fi ń yé ẹyin. Abo nìkan ló ní in, ìdí nìyẹn tí akọ wọn kì í fi í ta. Lára agbọ́n adányinrin tó wọ́pọ̀, abẹ́rẹ́ yìí ti padà di ohun ẹyin. Àwọn ìpele tó kẹ́yìn ìdí rẹ̀ ti wọ inú ara wọn, wọ́n di ọ̀pá gígùn kan tó lè nà jáde tó sì lè fà wọlé. Ọ̀pá yẹn ló ń tì bọ ihò tóóró láti yé ẹyin. Oró tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kò sì lè ta èèyàn rárá.

Nítorí pé àwọn ìpele yòókù ti sá wọlé, mẹ́ta péré ni èèyàn sábà máa ń rí nínú ìdí rẹ̀ láti òde. Abẹ́ ìdí náà kò yọ bí ti agbọ́n mìíràn, ńṣe ló wọnú. Bí ewu bá dé, á fi orí àti àyà rẹ̀ bọ inú kòtò yẹn, á kó ẹsẹ̀ jọ, á ká ìwo mọ́ra, á wá di róbótó. Ìyẹ́ apá nìkan ló máa ń ṣẹ́kù síta. Ẹni tó bá gbá a bọ́ sílẹ̀ á rò pé ó ti kú. Bí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, á tú ara rẹ̀ ká, á sì tún máa gun ògiri lọ.

Ohun tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò tí òun máa ń yọ́ wọ ilé wọn láti yé ẹyin ní eyín àti abẹ́rẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò.

Kí ló ń wá lára ògiri wa?

Ilé agbọ́n mìíràn ló ń wá.

Ẹni tó bá ń gbé ládùúgbò tí ilé alámọ̀ ṣì wà, bíi Òkè-Ìmàlè tàbí Pàkátà, tàbí ní àwọn ìlú Ìgbómìnà láti Ajàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, á ti rí ẹrẹ̀ gbígbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ àjà, kọ́rọ́ fèrèsé, tàbí ẹ̀yìn àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ilé bíríkì kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Agbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìbàdí rẹ̀ gùn bí okùn ló ń kọ́ ọ. Sceliphron spirifex ni ẹ̀yà tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ní Áfíríkà: dúdú ni, ẹsẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ ní àwọ̀ òféfèé bí ìyeyè. Ẹ jẹ́ ká pè é ní agbọ́n ọ̀mọ̀lé.

Abo nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ilé. Á lọ sí etí odò Ásà, tàbí ibi tí omi ẹ̀rọ ti ń ṣàn sílẹ̀, tàbí ẹ̀bá ibi tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ti ń po amọ̀ ní Dada ní Òkèlele, á fi ẹnu ṣù ẹrẹ̀ kan, á gbé e fò padà. Bó ti ń tẹ ẹrẹ̀ náà mọ́ ògiri ló ń kùn; ẹni tó bá dákẹ́ nínú yàrá lọ́sàn-án á gbọ́ ọ. Ẹrẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ni yóò fi mọ yàrá gígùn kan tí kò fẹ̀ ju ìka ọmọdé lọ. Bí ìyẹn bá gbẹ, ó di ọdẹ. Alántakùn ló ń dọdẹ. Á ta á, alántakùn náà kò ní í kú, àmọ́ kò ní í lè mira, ẹran rẹ̀ kò sì ní í bàjẹ́. Á kó wọn sínú yàrá náà títí yóò fi kún, á yé ẹyin kan ṣoṣo sára ọ̀kan nínú wọn, á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Yàrá kejì á tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Níkẹyìn, á fi ẹrẹ̀ rẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ní í sí àmì pé yàrá kan wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìyá parí nìyẹn. Ẹyin á pa, ìdin á jẹ alántakùn tán, á hun àpò òwú bo ara rẹ̀, á para dà di agbọ́n, á gé ihò róbótó sára ẹrẹ̀, á fò jáde. Ọmọ kò mọ ìyá, ìyá kò mọ ọmọ.

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ yìí ni agbọ́n adányinrin wá bá. Kì í po ẹrẹ̀, kì í dọdẹ. Omi òdòdó ni àgbà wọn ń mu. Abo rẹ̀ á máa rìn kiri lára ògiri, á fi ìwo gbá ibì kan, á dúró, á padà sẹ́yìn, á tún gbá a. Bó bá rí yàrá tí ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí, á dúró sí ìtòsí, kò ní í mira. Ọ̀mọ̀lé á gbé alántakùn dé, á kó o wọlé, á tún jáde lọ. Ìgbà yẹn ló ń dúró dè. Á kọ́kọ́ ti orí bọ ẹnu yàrá náà, á yẹ inú rẹ̀ wò, á jáde, á yípo, á wá fi ìdí wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹyin rẹ̀ ti wà nínú ilé ẹlòmíràn. Onílé á padà dé, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Stilbum kì í yára bẹ́ẹ̀. Òun máa ń jẹ́ kí ọ̀mọ̀lé dí ilé rẹ̀ tán, kí ẹrẹ̀ gbẹ, kí ìdin inú rẹ̀ jẹun yó. Á wá lu ara ẹrẹ̀ náà síhò, á ti ẹyin wọlé síbi tí ìdin náà ti ń sinmi.

Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ẹyẹ cuckoo pè é nítorí irú ìwà yìí. Ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ náà wà lọ́dọ̀ wa. Chrysococcyx caprius, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé tó ń dán, ìtẹ́ ẹ̀gà ló máa ń yé ẹyin sí ní àkókò òjò. Ọmọ rẹ̀ tó bá pa á ti ẹyin ẹ̀gà dà nù, ẹ̀gà á sì máa bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn kan ti ń sọ pé ẹlúlùú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ìdílé kan náà ni òun àti cuckoo. Ẹlúlùú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́ ara rẹ̀ ló ń kọ́, ọmọ ara rẹ̀ ló sì ń tọ́.

Báwo ló ṣe ń wọlé tí onílé kò fi mọ̀?

Nígbà mìíràn onílé ń mọ̀. Lepeletier de Saint-Fargeau, onímọ̀ kòkòrò ará Faransé ní ọ̀rúndún 19, fi ìtàn kan sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kò yéé sọ. Ó rí Hedychrum, ọ̀kan lára àwọn adányinrin, tó ti ń fi ìdí bọ ilé oyin kan tó ń fi amọ̀ kọ́lé. Oyin náà dé bá a. Adányinrin ká ara rẹ̀ di róbótó lójú ẹsẹ̀. Oyin wá ibi tí òun á ti ta á, kò rí i, torí awọ rẹ̀ le jù. Ló bá fi eyín gé ìyẹ́ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dà nù, ó ju ú sílẹ̀, ó yẹ ilé rẹ̀ wò, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí oyin ṣe lọ tán, adányinrin tí kò ní ìyẹ́ mọ́ yìí tú ara rẹ̀ ká, ó fẹsẹ̀ gun ògiri padà tààrà sí ilé náà, ó sì yé ẹyin rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa kòkòrò yìí, kò sí èyí tó fi bó ṣe le tó hàn bí èyí.

Àwọn mìíràn kì í dúró de ìjà. Òórùn ni agbọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, ju ojú lọ. Òróró tín-ín-rín kan wà lára kòkòrò kọ̀ọ̀kan tó ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Agbọ́n kan wà, Philanthus triangulum, tó ń pa oyin kó sínú ihò ilẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Adányinrin tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ní Yúróòpù ni Hedychrum rutilans. Erhard Strohm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi hàn ní 2008 pé òróró ara Hedychrum yìí jọ ti Philanthus fúnra rẹ̀, débi pé onílé kì í tètè fura bó bá kọjá níbi tí àlejò ti tẹ̀. Kò tilẹ̀ dìgbà tó bá wọ ihò náà: ó lè yé ẹyin sára oyin tí wọ́n ti ta rọ, nígbà tí ọdẹ náà ṣì ń gbé e bọ̀ wálé.

Onílé náà ń wá ọ̀nà àbò. Ní 2015, àwọn olùwádìí jábọ̀ pé abo agbọ́n kan ní Yúróòpù, Odynerus spinipes, pín sí oríṣi méjì nípa òróró ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Adányinrin méjì ló ń wọ ilé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fi òróró rẹ̀ jọ oríṣi kan nínú méjèèjì. Èrò àwọn olùwádìí náà ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wàhálà adányinrin ló mú kí onílé pín sí méjì.

Ọgbọ́n Omalus àti àwọn ìbátan rẹ̀ tún wá yàtọ̀. Agbọ́n tí wọ́n ń wọ ilé rẹ̀ máa ń kó àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ewé lọ fún ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, adányinrin kì í wá ilé onílé rárá. Orí ewé ló máa lọ, á yé ẹyin sínú kòkòrò wínníwínní náà, á sì fi í sílẹ̀. Bí ọdẹ bá ṣe àṣìṣe gbé èyí tó ní ẹyin nínú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀tá wọlé.

Olè ni àbí apani?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dàrú, nítorí pé "kòkòrò àfòmọ́" ni gbogbo èèyàn ń pe oríṣi ìwà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra.

Eégbọn tó wà lára ajá àti iná tó wà lórí ọmọdé ń fa ẹ̀jẹ̀, àmọ́ wọ́n ń fẹ́ kí ẹni tí wọ́n wà lára rẹ̀ wà láàyè. Ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní parasite gan-an. Èyí tí wọ́n ń pè ní parasitoid yàtọ̀: ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹni tó gbà á lálejò títí ìyẹn á fi kú, kò sí ìgbà tí kì í parí síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni cleptoparasite, èyí tó jẹ́ pé oúnjẹ tí ẹlòmíràn kó pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ ló ń fẹ́.

Agbọ́n adányinrin wà nínú èkejì àti ẹ̀kẹta, ẹ̀yà tó jẹ́ ló ń sọ ibi tó wà. Lára Stilbum àti ọ̀pọ̀ Chrysis, ìdin adányinrin á dúró kí ìdin onílé jẹun tán, kó sanra, kó tó wá jẹ ẹ́. Apani nìyẹn. Lára àwọn mìíràn, ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń ní ẹnu mímú tó rí kọdọrọ, á fi í pa ẹyin tàbí ọmọ onílé, á sì jókòó ti oúnjẹ tí wọ́n kó sílẹ̀. Àwọn kan ní olè ni ká máa pe irú èyí. Àwọn kan ní ẹni tó pa ọmọ kó tó jẹ oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe olè nìkan, pé ó yẹ kó wà nínú méjèèjì. Lọ́wọ́ ìyá tó mọ ilé náà, ìyàtọ̀ kò sí: ọmọ rẹ̀ kò jáde.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ìdílé rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó dé ibi tó dé yìí. Linnaeus, ọmọ Sweden, ṣàpèjúwe ọ̀kan lára wọn ní 1758, ó sì pè é ní Sphex ignita. Chrysis ignita ni wọ́n ń pè é lónìí. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá rí adányinrin aláwọ̀ aró tí ìdí rẹ̀ pupa ní Yúróòpù á kàn kọ orúkọ yẹn sí i lára. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo DNA wọn, ó hàn pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó jọra wọn ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan. Èyí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán fóònù nìkan búra pé ẹ̀yà báyìí ni òun rí.

Àgbéyẹ̀wò tí gbogbo ayé ń lò jù ni ti Lynn Kimsey àti Richard Bohart ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ojúlé mẹ́rin ni wọ́n pín ìdílé náà sí, oúnjẹ ojúlé kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Chrysidinae ló pọ̀ jù, òun ló ń wọ ilé agbọ́n àti oyin. Inú rẹ̀ ni gbogbo àwọn tí a ti ń dárúkọ bọ̀ wà. Inú rẹ̀ náà ni Allocoelia wà, èyí tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ìhà gúúsù Áfíríkà, tó ń wọ ilé àwọn agbọ́n tó ń kó ìyẹ̀fun òdòdó fún ọmọ wọn. Cleptinae ń jẹ ìdin àwọn kòkòrò sawfly, ìyẹn àwọn ìbátan agbọ́n tí ìdin wọn ń jẹ ewé. Amiseginae àti Loboscelidiinae kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé agbọ́n rárá: ẹyin kòkòrò tó dà bí igi ni wọ́n ń wá kiri nílẹ̀ẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ni ọmọ wọn sì ń dàgbà. Àwọn méjì yìí kì í sábà dán tó àwọn yòókù, ẹni tó bá rí wọn kò ní í rò pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù lónìí ga ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti kó Chrysididae àti ìdílé mẹ́fà mìíràn sábẹ́ òrùlé kan tí wọ́n ń pè ní Chrysidoidea, wọ́n sì gbà pé òrùlé yìí kọ́kọ́ yà kúrò lára àwọn tó ń ta, kí èèrà, oyin àti agbọ́n yòókù tó pín ọ̀nà. Ìrísí ara ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Láti nǹkan bí 2017 ni àwọn iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ jíìnì wéra ti ń sọ pé òrùlé náà kò dúró, pé àwọn kan lára ìdílé méje náà sún mọ́ èèrà àti oyin ju bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn lọ. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìrísí ní kí wọ́n má tíì tú ilé ká, nítorí èsì jíìnì lè yí padà bí kòkòrò tí wọ́n yẹ̀ wò bá pọ̀ sí i. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn jíìnì ní ìrísí lè tan èèyàn, àgàgà lára àwọn kòkòrò tí àfòmọ́ ti yí ara wọn padà. Pé adányinrin jẹ́ agbọ́n, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn nínú wọn. Àwọn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Àǹfààní ni fún àgbẹ̀ àbí àdánù?

Ẹni tó bá ń gbin àgbàdo ní Òffà tàbí ní Ìlọ́fà lè béèrè ohun tó kàn án nínú gbogbo èyí. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ ẹni tí adányinrin wọ ilé rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ọ̀mọ̀lé tó ń pa alántakùn, àwọn agbọ́n mìíràn wà tó ń mọ ìkòkò ẹrẹ̀ kéékèèké sára ẹ̀ka àti ògiri, bíi Delta àti Synagris. Kòkòrò tó ń jẹ ewé ni wọ́n ń kó fún ọmọ wọn. Láti 2016 tí kòkòrò ajẹ̀gbàdo tuntun láti Amẹ́ríkà ti wọ Nàìjíríà, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko kò fojú kékeré wo ohunkóhun tó bá ń pa kòkòrò ewé. Lójú wọn, adányinrin tó pa ọmọ Delta ti dín ọdẹ kan kù lóko. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wọ ilé oyin tó ń gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó dé òdòdó.

Àwọn mìíràn ní ìyẹn kì í ṣe odindi ọ̀rọ̀. Àwọn adányinrin kan ń pa kòkòrò tó ń jẹ igi fúnra wọn. Praestochrysis shanghaiensis ti Éṣíà, ìdin inú àpò òwú labalábá alẹ́ kan tó ń ba igi eléso jẹ́ ló ń jẹ, wọ́n sì ti kó o lọ sí Amẹ́ríkà rí ní àwọn ọdún 1910 nítorí iṣẹ́ yẹn. Wọ́n tún ní ibi tí adányinrin bá pọ̀ sí, ó fi hàn pé agbọ́n àti oyin tó ń gbà á lálejò pọ̀ níbẹ̀. Bí àwọn onílé bá kú tán, òun náà á lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ka kòkòrò ní Yúróòpù fi máa ń ṣọ́ iye rẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ kan ṣe ń ṣe.

Ọ̀mọ̀lé fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ gbogbo èèyàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 1996, ọkọ̀ òfurufú Birgenair 301 já sínú òkun lẹ́bàá Dominican Republic, èèyàn 189 ló kú. Ọ̀pá tó ń sọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó ló dí. Wọn kò rí ọ̀pá náà gbé jáde, àmọ́ ohun tí àwọn olùwádìí fura sí jù ni ẹrẹ̀ agbọ́n ọ̀mọ̀lé, torí ọkọ̀ náà ti dúró fún ọjọ́ mélòó kan láìfi nǹkan bo ọ̀pá yẹn. Lórí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń pa ọmọ ọ̀mọ̀lé ti ṣe èèyàn lóore.

Ṣé kí èèyàn fín òògùn sí i?

Àwọn tó ń pín àwòrán náà máa ń fi orúkọ òògùn kan kún un, dichlorvos ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Òògùn yìí ń pa kòkòrò nípa bíba iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà ṣe èèyàn léṣe, ọmọdé ló sì ń tètè mú jù. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, 100ml, lọ́jà àti ní ilé ìtajà ńlá, nítorí àwọn tó ń mu ún pa ara wọn àti àwọn tó ń lò ó nílòkulò nínú ilé.

Òògùn tí wọ́n fín sára ògiri kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ ìdin tí wọ́n rò pé àwọn ń pa, nítorí ẹrẹ̀ gbígbẹ àti àpò òwú wà láàárín wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí adányinrin máa wá, ilé ọ̀mọ̀lé ló máa kọ́kọ́ mú kúrò. Èèyàn lè fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á, kó sì fi omi díẹ̀ fọ ojú ibẹ̀. Bí ihò róbótó bá ti wà lára ẹrẹ̀ náà, yàrá yẹn ti ṣófo. Bí kò bá sí ihò, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀: alántakùn tí wọ́n ta rọ, ìdin ọ̀mọ̀lé, tàbí ọmọ adányinrin. Kò sí èyí tó lè ta ẹni tó ń ha á nínú wọn. Ìyá ọ̀mọ̀lé tó bá ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́ lè máa fò yí ibẹ̀ ká, àmọ́ kì í jà fún ilé rẹ̀ bí agbọ́n tó ń gbé pọ̀ lórí igi ṣe ń jà. Àfi bí èèyàn bá gbá a mú ló máa ń ta.